Valparaíso, San Antonio àbí Iquique: ìfiwéra èbúté mẹ́ta ní Ṣílè fún tọkọtaya tí ọjọ́ wọn kò pọ̀

Bó bá jẹ́ pé alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta péré lẹ ní, tẹ́ ẹ sì ti wà ní Santiago, olú ìlú Ṣílè, ẹ gba Valparaíso lọ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ rí yọ, tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹja, tí ẹnì kan nínú yín kò sì lè gun òkè, San Antonio ló yẹ yín. Iquique jìnnà, ó kéré tán, ẹ ní láti ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó rò ó rárá. Mo gbé ìdáhùn síwájú nítorí ẹni tó ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ẹni tó bá ráyè, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò dáadáa, torí ohun tó dùn mọ́ tọkọtaya kan lè má dùn mọ́ òmíràn rárá.

Èbúté tó ń ṣiṣẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kì í ṣe ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó torí àlejò. Kéréènì ń ṣiṣẹ́ lóru, ọkọ̀ akẹ́rù ń tò lọ tò bọ̀, òórùn ẹja àti dísẹ́ẹ̀lì ń bá atẹ́gùn rìn, àdúgbò tó dọ̀tí sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó rẹwà gan-an. Ọkọ mi fẹ́ràn etíkun tí wọ́n ti gbá mọ́, tí wọ́n to àga sí. Èmi ni mo máa ń fà á lọ síbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù, torí mo gbà pé níbi tí àwọn èèyàn ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn lèèyàn ti ń mọ ìlú. Nítorí náà, ohun tí mo fi wọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyí: báwo lẹ ṣe máa súnmọ́ èbúté tó, kí ni ara yín máa gbà, kí sì ni ẹ̀yin méjèèjì lè jọ ṣe tí ẹnì kan ò ní máa dúró de ẹnì kejì.

Dídé ibẹ̀

Valparaíso tó nǹkan bí kìlómítà 120 sí Santiago. San Antonio kò ju bí 110 lọ. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ń lọ, bọ́ọ̀sì máa ń gbà tó wákàtí kan àtààbọ̀ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá sí. Ti Valparaíso ló rọrùn jù. Ní Terminal Alameda tàbí ní Pajaritos, níbi tí reluwé abẹ́ ilẹ̀ ti máa já yín sílẹ̀, bọ́ọ̀sì kan ò tíì lọ tán tí òmíràn ti ń gbèrò. Ẹ jókòó sójú fèrèsé, torí ọ̀nà Ruta 68 gba àárín oko àjàrà Casablanca kọjá, ibi tí wáìnì funfun tó lórúkọ ti ń wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni kẹ́ ẹ yẹra fún, nítorí ìgbà yẹn ni àwọn ará Santiago máa ń rọ́ lọ sí etíkun tàbí tí wọ́n máa ń rọ́ bọ̀.

Iquique wà lókè àríwá, létí aṣálẹ̀ Atacama, ó sì tó bíi kìlómítà 1,800 téèyàn bá gba ojú títì. Bọ́ọ̀sì máa gbà yín tó odindi ọjọ́ kan, nítorí náà ọkọ̀ òfuurufú ni: bíi wákàtí méjì àtààbọ̀. Pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀ jìn sí ìgboro tó bíi kìlómítà 40, ọ̀nà náà sì ń gba àárín òkun àti òkè gbígbẹ tí koríko kan ò hù lórí ẹ̀.

Valparaíso: láti òkè ni wọ́n ti ń wo èbúté

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ díẹ̀ ló wà létí omi ní Valparaíso, lẹ́yìn náà òkè yọ lójijì, òkè tó lé ní ogójì, ilé sì kún orí gbogbo wọn. Páànù tí àwa mọ̀ mọ́ òrùlé, ara ògiri ni wọ́n ń kàn án mọ́ níbẹ̀, wọ́n á wá kùn ún ní pupa, ní aró, ní àwọ̀ ìyeyè. Tẹ́ ẹ bá dúró ní Paseo Gervasoni tàbí Paseo Yugoslavo, ẹ máa rí kọ̀ǹténà tí wọ́n tò lérí ara wọn lábẹ́ yín, ọkọ̀ ogun ojú omi tí wọ́n kùn ní àwọ̀ eérú, àti àwọn ọkọ̀ tó dúró lójú agbami tí wọ́n ń retí ààyè. Olú iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Ṣílè wà nísàlẹ̀, ní Plaza Sotomayor. Ilé ńlá aláwọ̀ aró ni, ẹ ò lè ṣì í mọ̀.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ìdí tí ìlú náà fi rí bó ṣe rí. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ọkọ̀ tó bá yí Cape Horn, ṣóńṣó ilẹ̀ ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà, ká láti Yúróòpù lọ sí California, Valparaíso ló ti máa ń dúró gba omi àti oúnjẹ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Jámánì àti ará Ítálì wá ṣòwò níbẹ̀, wọ́n sì kọ́lé sórí òkè Cerro Alegre àti Cerro Concepción. Ìmìtìtì ilẹ̀ wó púpọ̀ nínú ìlú náà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1906. Nígbà tó di 1914, wọ́n ṣí ọ̀nà omi Panama, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò sì nídìí láti gba ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún mọ́. Owó lọ, ilé dúró. Òun ló jẹ́ kẹ́ ẹ ṣì máa rí àwọn ilé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rówó wó láti kọ́ tuntun sí i. UNESCO sì fi àdúgbò àtijọ́ náà sínú ogún àgbáyé ní 2003.

Ohun kan tí mi ò ní gbà kí tọkọtaya fò níbẹ̀ ni ascensor, ọkọ̀ onípákó tí okùn irin ń fà gun òkè lórí irin reluwé. Méjì ló máa ń wà lórí okùn kan: bí ọ̀kan bá ń gòkè, èkejì ń sọ̀, wọ́n á pàdé láàárín. Concepción ni àkọ́kọ́, 1883 ni wọ́n ṣí i. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà ní Calle Prat, lódìkejì ilé aago Turri. Tẹ́ ẹ bá wọlé, pákó á dún lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ọkọ̀ á gbọ̀n díẹ̀, ìgboro á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ níwájú fèrèsé: wáyà iná ló máa kọ́kọ́ kọjá, lẹ́yìn náà òrùlé, lẹ́yìn náà orí kéréènì, kí omi tó ṣí sílẹ̀ gbalaja. Gbogbo rẹ̀ ò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Nígbà kan irú ọkọ̀ yìí tó bí 30 nílùú náà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ báyìí kéré gan-an sí ìyẹn, wọ́n sì lè ti èyíkéyìí pa láti tún un ṣe. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé ibi tẹ́ ẹ bá dé sí kẹ́ ẹ tó fẹsẹ̀ rìn lọ. Bí Polanco bá ń ṣiṣẹ́, ẹ wá ọ̀nà débẹ̀: ihò inú òkè lẹ máa gbà wọlé, yóò wá gbé yín lọ sókè tààrà nínú ilé ìṣọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ súnmọ́ ọkọ̀ ojú omi, ẹ lọ sí Muelle Prat, níwájú Plaza Sotomayor. Ọkọ̀ kékeré ló máa gbé yín yí ká èbúté fún bí ààbọ̀ wákàtí, yóò dúró dìgbà tó bá kún kó tó gbéra. Yóò mú yín kọjá lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, tí ẹ máa gbórí sókè kẹ́ ẹ tó rí ibi tó parí sí, àti níwájú ibi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ jáde nínú omi láti tún un ṣe. Lójú tèmi, òun ni ohun tó dára jù tí owó díẹ̀ lè rà ní Valparaíso.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ wo La Sebastiana, ilé tí Pablo Neruda akéwì ní lórí òkè, tó dojú kọ omi. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń tì í, nítorí náà ẹ má fi sí ọjọ́ yẹn.

San Antonio: èbúté wà lójú yín

Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ èbúté gan-an lẹ fẹ́ rí, San Antonio borí Valparaíso. Nínú iye ẹrù, òun ló tóbi jù ní Ṣílè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ń kó wọ orílẹ̀-èdè náà ń gbà, ibẹ̀ náà sì ni èso ti ń wọ inú kọ̀ǹténà tútù lọ sí Éṣíà. Ní Paseo Bellamar, tó wà létí omi, kò sí òkè tẹ́ ẹ máa gùn: kéréènì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí yín, ọkọ̀ tó kún fún ẹrù sì ń wọlé níwájú yín bẹ́ ẹ ṣe jókòó.

Ọjà ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, òun sì ni mo fi ń ronú kan San Antonio. Àwọn tó ń ta ẹja dúró sẹ́yìn pákó wọn, wọ́n ń fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ la ẹja, wọ́n ń gé orí sọ sẹ́yìn. Ẹranko òkun ńlá tí wọ́n ń pè ní lobo marino ń dúró dè é nísàlẹ̀, ó ń ké, ó ń ti ara rẹ̀ lórí òkúta. Ẹyẹ pẹlíkánì náà wà níbẹ̀, ó ń wá ọ̀nà láti já a gbà. Ẹja tó pọ̀ jù lórí pákó ni merluza, panla tí gbogbo wa mọ̀, àmọ́ tútù ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde. Wọ́n máa ń dín in pẹ̀lú ìyẹ̀fun díẹ̀, wọ́n á sì gbé e fún yín pẹ̀lú tòmátì àti àlùbọ́sà. Ata tí wọ́n gún mọ́ ewé nínú abọ́ kékeré lórí tábìlì, pebre lorúkọ rẹ̀. Ẹ bù ú síbẹ̀ láìbẹ̀rù. Kò ní ta yín tó bẹ́ ẹ ṣe fẹ́.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé lẹ́yìn ọjà ẹja àti etí omi, kò sí ohun púpọ̀ láti ṣe nínú ìlú náà tí ilẹ̀ bá ṣú. Púpọ̀ nínú ilé ìtura rẹ̀ wà fún àwọn tó wá ṣiṣẹ́. Tọkọtaya tó bá fẹ́ rìn kiri lálẹ́, á sú wọn. Ohun tó ń gba ọjọ́ náà là ni Isla Negra, tó wà ní àríwá, níbi tí ọkọ̀ èrò máa ń gbé yín dé. Ilé Neruda mìíràn nìyẹn, ó sì ju ti Valparaíso lọ: ó kó àwọn ère onípákó tí wọ́n máa ń gbẹ́ sí iwájú ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ sínú rẹ̀, àti ìgò, àti ìkarahun. Òun àti Matilde ìyàwó rẹ̀ wà nínú sàréè kan náà níwájú ilé, wọ́n dojú kọ òkun. Bí ẹ bá dé San Antonio láàárọ̀, tẹ́ ẹ jẹ ẹja lọ́sàn-án, tẹ́ ẹ lọ sí Isla Negra kẹ́ ẹ tó padà sí Santiago, ọjọ́ kan tó kún nìyẹn.

Iquique: òkun lọ́wọ́ kan, aṣálẹ̀ lọ́wọ́ kejì

Ti Peru ni Iquique tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1879, nígbà tí Ṣílè àti Peru ń jagun, ọkọ̀ Huáscar ti Peru ri Esmeralda ti Ṣílè sínú omi níwájú ìlú náà, ọ̀gá rẹ̀ Arturo Prat sì kú nínú ìjà náà. Ọjọ́ yẹn ni ìsinmi orílẹ̀-èdè Ṣílè títí dòní. Ẹ lè wọ inú Esmeralda tí wọ́n tún ṣe bí ti àtijọ́ létí omi, ẹ sì lè wọ ọkọ̀ kékeré lọ síbi tí ti gidi rì sí.

Iyọ̀ náítírétì inú aṣálẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ jagun. Wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn, gbogbo ayé ló sì ń rà á. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé onípákó tó tò sí òpópónà Baquedano, pákó tí ọkọ̀ kó wá láti Àríwá Amẹ́ríkà, torí igi tó ṣe é kọ́lé ṣọ̀wọ́n nínú aṣálẹ̀ náà. Àwọn tó ń wa náítírétì gan-an kò jẹ nínú rẹ̀: ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1907, àwọn ológun yìnbọn pa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń da iṣẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn, nílé ẹ̀kọ́ Santa María nínú ìlú náà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Jámánì mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń fa irú ajílẹ̀ yẹn jáde látinú afẹ́fẹ́, òwò náà sì ṣubú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ fún Humberstone ní ọjọ́ kan gbáko. Ó tó bíi kìlómítà 47 sí Iquique: odindi ìlú òṣìṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ti kó kúrò, tí tíátà, ilé ẹ̀kọ́, ọjà àti adágún ìwẹ̀ onírin rẹ̀ ṣì dúró nínú oòrùn. Òun àti Santa Laura tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ ìwé UNESCO ní 2005. Ẹ gbé omi dání, ẹ dé fìlà, ẹ má sì lọ lọ́sàn-án gangan. Lọ́jọ́ tó kù, etíkun Cavancha wà nínú ìgboro gan-an. Òun nìkan nínú èbúté mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni màá sọ pé ẹ lọ wẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó láyà lè fò láti orí òkè Alto Hospicio pẹ̀lú agbòòrùn ńlá tó ń gbé èèyàn lójú afẹ́fẹ́, kó sì sọ̀ sórí iyanrìn. Ọkọ mi wo, ó ní òun máa ṣọ́ bàtà.

Ẹni tó fẹ́ràn ọjà rírà á fẹ́ rí Zofri, ọjà tí kì í san owó orí ibodè, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín dání.

Orúnkún, àpótí àti àtẹ̀gùn

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí gbangba, torí òun ló ń ba ìrìn-àjò tọkọtaya jẹ́ jù ní Valparaíso. Àtẹ̀gùn pọ̀. Orúnkún ọkọ mi, Bàbá Tòmíwá, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́, nígbà tá a sì gun ọ̀kan dé ìdajì, ó dúró, ó ní, “Ìyá Tòmíwá, ṣé ó lópin báyìí?” Mo ní, “Ẹ rọra, Bàbá Tòmíwá, ìjókòó wà lókè.” Ohun tó tù wá lára ni pé a yí ètò padà: ọkọ̀ la fi ń gòkè, ẹsẹ̀ la fi ń sọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé kẹ́ ẹ tó sanwó, àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ibi tí táksí dúró sí ẹnu ọ̀nà yín? Bí kò bá dáhùn tààrà, ẹ wá ilé mìíràn. Cerro Alegre àti Cerro Concepción wọ́n díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ sùn. San Antonio àti Iquique tẹ́jú létí omi. Àgbàlagbà lè rìn wọn láìfòyà.

Oúnjẹ fún ẹni méjì

Valparaíso ní chorrillana: òkìtì ànàmọ́ òyìnbó díndín, ẹran màlúù tẹ́ẹ́rẹ́, àlùbọ́sà díndín àti ẹyin lórí rẹ̀. Àwo kan tó ẹni méjì, ó tiẹ̀ máa ṣẹ́kù. Ilé oúnjẹ J. Cruz ni wọ́n gbajúmọ̀ jù fún un, inú kọ̀rọ̀ tóóró ló wà. Ẹja San Antonio ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Iquique ní ceviche, ẹja tútù tí wọ́n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ìlú Pica sè láìgbé e kaná, àti chumbeque, àkàrà dídùn tí wọ́n ń ta ní páálí.

Òtútù, àkókò àti ìṣọ́ra

Ìgbà ooru wọn ni oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, òtútù sì wà ní oṣù Kẹfà sí Kẹjọ. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ooru tàn yín jẹ o: ìṣàn omi Humboldt ń gbé òtútù bọ̀ láti gúúsù, omi Valparaíso àti San Antonio tutù dé egungun, ìkùukùu sì lè bo òwúrọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ mú ẹ̀wù tó nípọn dání kódà nínú oṣù Kìíní. Oṣù Kọkànlá tàbí Kẹta ni màá yàn. Tí ìgbì bá ga, àwọn aláṣẹ á ti èbúté pa fún ọkọ̀ kékeré, ìrìn ojú omi yín á wá di ọjọ́ mìíràn; nítorí náà ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, Valparaíso máa ń yin iná sójú ọ̀run lórí omi, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n owó ilé ìtura á ga gan-an.

Àwọn tó ń já fóònù gbà pọ̀ ní Valparaíso. Ẹ má rìn ní agbègbè Plaza Echaurren tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ má sì tẹ̀ lé ojú fóònù gun òkè tẹ́ ẹ ò mọ̀. Ẹ má bẹ̀rù pé wọ́n á máa wò yín. Àwọn ará Haiti àti Kòlóńbíà ti pọ̀ ní Ṣílè, wọ́n tiẹ̀ lè rò pé ará ibẹ̀ ni yín, kí wọ́n sì da èdè Spéènì bò yín.

Ilẹ̀ máa ń mì ní gbogbo etíkun Ṣílè. Iquique rí ìmìtìtì ńlá ní oṣù Kẹrin ọdún 2014. Àmì ọ̀nà àsálà wà ní òpópónà gbogbo; ẹ kà á lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé. Bí ilẹ̀ bá mì débi tẹ́ ẹ ò lè dúró dáadáa, ẹ má dúró gbọ́ fèrè ìkìlọ̀, ẹ má padà gbé àpótí, ẹ gun ibi gíga lójú ẹsẹ̀, torí ìgbì òkun ńlá lè tẹ̀ lé e.

Kẹ́ ẹ tó gbéra

Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà ṣáájú. Ẹni tó ní ti Bìrìtìkó tàbí ti Amẹ́ríkà lè wọlé láìní físà fún 90 ọjọ́. Ó rọrùn fún àwọn tiwa tó wà ní São Paulo, torí ọkọ̀ òfuurufú ò ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ sí Santiago. Ẹ̀ṣọ́ ohun ọ̀gbìn Ṣílè kò gba ìgbàkugbà: ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ, ẹran gbígbẹ, èso, oyin, gbogbo rẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ kọ sínú ìwé ìjẹ́wọ́ ní pápákọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi pamọ́, ìtanràn ni. Kí ẹ sì tọ́jú ìwé ìwọlé tí àwọn ọlọ́pàá ibodè bá fún yín, torí àlejò tó bá san owó ilé ìtura ní dọ́là, tó sì fi ìwé yẹn àti ìwé ìrìnnà hàn, kì í san owó orí 19% níbi tí onílé bá ti forúkọ sílẹ̀ fún un. Ẹ béèrè rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba yàrá.